Mọ́tò ńlá àbí kékeré? Àyè inú rẹ̀ ni kí oníṣòwò wọ̀n kó tó náwó

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, àwọn èrò á ti tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Òkè-Àró, níjọba ìbílẹ̀ Ifọ̀, ìpínlẹ̀ Ògùn, wọ́n ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé wọn dé Ìjú, tàbí Agége, tàbí tí yóò gbé wọn wọ àárín Èkó. Kẹ̀kẹ́ Maruwa wà níbẹ̀, kòròpé wà níbẹ̀, dáńfó náà wà níbẹ̀. Ohun tí àwọn kọ́ńdọ́ ń pariwo ni, "Mẹ́rin-mẹ́rin lẹ́yìn, méjì níwájú! Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!" Ẹni tó bá sanra díẹ̀ nínú èrò á gbé ìdí kan sórí àga, á gbé ìkejì sínú afẹ́fẹ́, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe wà títí wọ́n á fi dé ibi tí wọ́n ń lọ. Owó kan náà lòun àti ẹni tó jókòó dáadáa sì jọ máa san.

Inú irú ìnira yìí ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò kéékèèké ti máa ń pinnu pé ó tó àsìkò kí àwọn ra mọ́tò tàwọn. Owó àjọ tí wọ́n kó, tàbí owó tí wọ́n yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ni wọ́n sábà máa ń fi rà á. Níbẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti máa ń di wàhálà. Ẹni tó bá ra mọ́tò tó tóbi ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ, epo á máa jẹ owó ọjà rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tí ṣọ́ọ̀bù á fi gbẹ. Ẹni tó bá sì ra èyí tó kéré jù, yóò máa lọ ní ẹ̀ẹ̀mejì síbi tó yẹ kó lọ lẹ́ẹ̀kan, oníbàárà tó bá sì gbé kò ní fẹ́ wọ ọkọ̀ rẹ̀ mọ́. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ohun tó kù ni kí oníṣòwò mọ bí wọ́n ṣe ń wọn ìtẹ́ náà.

GÍGÙN ÌTA KÒ SỌ BÍ INÚ ṢE TÓ

Lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, mọ́tò tó bá gùn ló láyè. Àmọ́ ó ti pẹ́ tí àwọn tó ń ṣe mọ́tò ti fi hàn pé ọ̀rọ̀ kò fi gbogbo ìgbà rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1959, wọ́n gbé mọ́tò kan tó ń jẹ́ Mini jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Alec Issigonis ló ṣètò bí wọ́n ṣe ṣe é. Gígùn rẹ̀ látiwájú dé ẹ̀yìn kò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá lọ, síbẹ̀ àgbàlagbà mẹ́rin ń jókòó sínú rẹ̀. Ohun tí ọkùnrin náà ṣe ni pé ó dábùú ẹnjíìnì síwájú, ó sì jẹ́ kó jẹ́ táyà iwájú ni yóò máa fa mọ́tò náà lọ. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ilẹ̀ mọ́tò náà fi sílẹ̀ fún èrò àti ẹrù. Ọgbọ́n yẹn náà ni ọ̀pọ̀ mọ́tò kéékèèké tó wà lójú títì wa lónìí ń lò.

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ tokunbọ̀ tí wọ́n ń tà ní Nàìjíríà ti ń wá, àjọ EPA tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká kì í fi gígùn ìta pín mọ́tò onílẹ̀kùn mẹ́rin sí kékeré àti ńlá. Àyè inú ni wọ́n ń wọ̀n, ti èrò àti ti búùtù pa pọ̀. Ká sọ pé èèyàn ní àpótí kan tí gígùn rẹ̀, ìbú rẹ̀ àti gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan. Mọ́tò tí àyè inú rẹ̀ bá gba irú àpótí bẹ́ẹ̀ láti 100 sí 109, ẹgbẹ́ àwọn kékeré ló wà. Èyí tó bá gba 110 sí 119, alábọ́ọ́dé ni. Èyí tó bá gba 120 sókè ni wọ́n ń pè ní ńlá.

Ìwọ̀n yìí máa ń ya àwọn tó ń fi orúkọ ra mọ́tò lẹ́nu. Honda Accord onílẹ̀kùn mẹ́rin ti ọdún 2008, èyí tí àwọn ọmọ Nàìjíríà sọ ní "Evil Spirit", wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ńlá. Toyota Corolla ti 2014 kúrò nínú ẹgbẹ́ àwọn kékeré, ó bọ́ sí ti alábọ́ọ́dé. Mercedes C-Class ọdún kan náà, tí owó rẹ̀ fi ìlọ́po ju ti Corolla lọ nígbà tó jáde, ẹgbẹ́ àwọn kékeré ló ṣì wà. Ẹni tó bá ra Mercedes yẹn gbayì lóde o, ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sẹ́yìn Corolla láyè ìkúnlẹ̀ jù ú lọ.

Ọ̀rọ̀ kòròpé náà rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ Japan ni wọ́n ti ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn, irú Suzuki Every àti Daihatsu Hijet. Òfin Japan ló pàṣẹ bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ tó: láti 1998, gígùn wọn kò gbọ́dọ̀ kọjá mítà 3.40, ìbú wọn kò gbọ́dọ̀ kọjá mítà 1.48, gíga wọn kò sì gbọ́dọ̀ ju mítà 2 lọ. Nítorí pé wọn kò lè fẹ̀ wọn, wọ́n gbé wọn ga sókè. Ìdí nìyí tí ẹrù fi máa ń pọ̀ nínú kòròpé ju bí èèyàn ṣe rò lọ, tí èjìká èrò sì máa ń fún mọ́ra.

ÌṢIRÒ ÈJÌKÁ

Èjìká ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó ti dàgbà fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 45 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí túmọ̀ sí pé èèyàn mẹ́ta tí yóò jókòó láìfún ara wọn mọ́ra nílò bíi 135. Kòròpé tí ìbú ìta rẹ̀ jẹ́ 148, bí wọ́n bá yọ ilẹ̀kùn ọ̀tún àti ti òsì kúrò, kò lè ṣẹ́ ku 135 nínú. Kẹ̀kẹ́ Maruwa oníilé Bajaj ń kó mẹ́ta sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ìbú ìta rẹ̀ kò ju bíi 130 lọ. Dáńfó Volkswagen àtijọ́ fẹ̀ tó 184 níta. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ pé mọ́tò akẹ́rù ni wọ́n tẹ́lẹ̀ kí àwọn wẹ́dà tó gbé àga onírin sínú wọn. Bí èèyàn mẹ́rin bá jókòó lórí àga kan nínú rẹ̀, nǹkan bí 40 ló máa kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ohun tó ń mú kí èrò máa tẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ nìyẹn. Kò sí ọ̀rọ̀ àìnísùúrù níbẹ̀.

Ìṣirò kan náà ló yẹ kí ẹni tó ń ronú láàárín Corolla àti Camry ṣe. Corolla tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láàárín 2003 sí 2008 gùn tó mítà 4.53, ó sì fẹ̀ tó mítà 1.70. Camry àsìkò yẹn, èyí tí àwọn èèyàn ń pè ní "Big Daddy", gùn tó mítà 4.81, ó sì fẹ̀ tó bíi mítà 1.80. Lójú títì, ó dà bíi pé ọ̀kan jẹ́ bàbá fún èkejì. Àmọ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá péré ni Camry fi fẹ̀ jù ú lọ. Bí èèyàn mẹ́ta bá pín mẹ́wàá yẹn lẹ́yìn, nǹkan bíi mẹ́ta ló máa kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, èyí tí kò ju ìka méjì lọ. Èyí tó pọ̀ díẹ̀ ni ti eékún, nítorí pé táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn Camry jìnnà síra ju ti Corolla lọ ní bíi sẹ̀ǹtímítà 12. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn gùn ló máa jẹ àǹfààní ìyẹn jù.

Ẹni tó bá jẹ́ pé èèyàn méjì péré ló sábà máa ń gbé sẹ́yìn, ìka méjì yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ já mọ́ nǹkan kan fún un. Ẹni tó bá jẹ́ pé àwọn àgbà mẹ́ta tó wọ aṣọ àńkárá àti gèlè ló ń gbé lọ sóde àríyá ní gbogbo Sátidé, á mọ iyì rẹ̀.

ÌJÓKÒÓ TÓ Ń GBÉ ITAN

Àyè nìkan kọ́ ni ìrọ̀rùn. Àwọn tó bá dàgbà dáadáa á rántí Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná lọ́dún 1975. Èyí tó ní ìlà àga mẹ́ta lára rẹ̀ gùn tó mítà 4.80, èrò méje ló sì máa ń gbé yàtọ̀ sí awakọ̀ láti Èkó dé ìlú òkèèrè. Ohun tó mú kí àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀ ni pé àga rẹ̀ rọ̀, sípíríǹgì rẹ̀ sì ń gbé kòtò mì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pẹ́ dé gáréèjì tí wọ́n fi sẹ́yìn pátápátá, orí táyà ló jókòó lé. Eékún rẹ̀ á ga dé àyà, itan rẹ̀ kò ní kan àga, gbogbo ara rẹ̀ á wá wà lórí ìdí nìkan. Mọ́tò kan náà ni, ìrìnàjò kan náà ni, ìyà wọn kò dọ́gba.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú Toyota Sienna lónìí. Mọ́tò ńlá ni. Èyí tí wọ́n ṣe láti 2004 dé 2010 gùn tó mítà 5.08, ó sì fẹ̀ tó mítà 1.96. Ẹni tó bá jókòó sí ìlà kejì nínú rẹ̀ lè na ẹsẹ̀. Ẹni tó wà ní ìlà kẹta ń jókòó sórí àga tí wọ́n ṣe kó lè ká wọ inú ilẹ̀ mọ́tò, irú àga bẹ́ẹ̀ kì í sì í ga tó ti iwájú. Èyí ló fi jẹ́ pé ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá nínú mọ́tò ńlá lè máa jìyà ju ẹni tó wà lẹ́yìn Corolla lọ.

Nǹkan mẹ́ta ni kí ẹni tó fẹ́ ra mọ́tò wò nípa ìjókòó. Èkíní ni gíga àga sí ilẹ̀: bí ẹsẹ̀ bá tẹ́ sílẹ̀ dáadáa tí itan sì fara ti àga, ẹ̀yìn kì í tètè dunni. Ìkejì ni bí àga ṣe gùn tó lábẹ́ itan: àga tó bá kúrú máa ń ti gbogbo ìwúwo ara sórí ìdí. Ẹ̀kẹta ni òrùlé: mọ́tò kékeré tó bá ga, irú Honda Jazz tàbí Toyota Yaris, máa ń jẹ́ kéèyàn jókòó ṣánṣán, eékún kì í sì í nílò àyè púpọ̀ nígbà tí èèyàn bá jókòó báyẹn. Mọ́tò gígùn tí òrùlé rẹ̀ rẹlẹ̀ lẹ́yìn máa ń mú kí gèlè ìyàwó kan òrùlé, ẹni tó bá sì ń fi mọ́tò rẹ̀ gbé ìyàwó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

ÀYÈ TÓ ṢÓFO Ń MU EPO

Ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti tán. Lítà kan tí kò tó 200 náírà níléepo ṣáájú ìgbà náà ti kọjá 600 náírà nígbà tó fi máa di oṣù Keje ọdún kan náà. Láti ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ńlá àti kékeré ti kúrò ní ọ̀rọ̀ fáàrí fún ẹni tó ń fi mọ́tò ṣòwò.

Gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n tí àjọ EPA ṣe, Corolla ti 2005 máa ń mu epo bíi lítà 8 láti rin kìlómítà 100. Sienna ọdún kan náà ń mu bíi lítà 12. Bí Sienna bá kó èrò méje, lítà 12 yẹn pín sí ọ̀nà méje, ohun tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan kò tó lítà méjì. Bí Corolla bá kó mẹ́rin, lítà méjì ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí àga bá kún, mọ́tò ńlá ló ń fowó pa mọ́. Èèyàn márùn-ún ń kọ́? Corolla kò lè kó wọn lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú awakọ̀ láìrú òfin. Bó bá lọ lẹ́ẹ̀mejì, lítà 16 ló jó, Sienna á sì fi 12 ṣe é.

Àmọ́ bó bá jẹ́ èèyàn méjì péré ló wà nínú ọkọ̀, ti Corolla jẹ́ lítà mẹ́rin fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ti Sienna jẹ́ mẹ́fà. Àga márùn-ún tó ṣófo ń jẹ epo bí ẹni pé èèyàn jókòó sí i. Tokunbọ̀ tí ẹnjíìnì rẹ̀ ti rẹ̀ yóò mu jù báyìí lọ, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Agége á sì tún lé iye náà sókè, yálà fún ńlá tàbí fún kékeré. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye tí yóò ná kó fi iye lítà náà ṣe ìlọ́po iye tí wọ́n ń ta lítà kan lọ́jọ́ tó ń ṣe ìṣirò.

Ọ̀nà tó dára jù láti mọ èyí tó bá iṣẹ́ ẹni mu ni kí oníṣòwò mú ìwé kan, kó máa kọ iye èèyàn àti iye ẹrù tó ń gbé lójúmọ́ sínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ohun tó bá pọ̀ jù nínú ìwé yẹn ni kó ra mọ́tò sí. Ọjọ́ tí ẹrù bá ju bó ṣe yẹ lọ, irú ọjọ́ ọdún tàbí ọjọ́ ìnáwó ńlá, kó háyà ọkọ̀. Owó háyà ọjọ́ mẹ́ta lóṣù lè kéré sí epo àga òfìfo ọgbọ̀n ọjọ́.

ÈWO LÓ YẸ TA NI?

Ẹni tó ń se oúnjẹ àríyá, tó ń gbé ìkòkò àti kúlà, tí ọmọ iṣẹ́ méjì sì ń bá a lọ, mọ́tò tí àga ẹ̀yìn rẹ̀ ṣeé ká ló yẹ kó wá. Nínú Sienna tí wọ́n ṣe láti 2004, ìlà kẹta ń ká wọlẹ̀, wọ́n sì lè yọ àga ìlà kejì ti ọ̀pọ̀ nínú wọn kúrò. Bí ohun tó ń gbé kò bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, Honda Jazz lè ṣe é. Abẹ́ àga iwájú ni wọ́n gbé táńkì epo rẹ̀ sí, nítorí náà àga ẹ̀yìn rẹ̀ ń ká sílẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì tún ń ká sókè, tí ẹrù gíga á fi lè dúró ní òró láàárín mọ́tò.

Télọ̀ tàbí onígèlè tó ń lọ bá àwọn oníbàárà nílé, tó sì jẹ́ pé òun nìkan ló sábà ń lọ, mọ́tò kékeré ni kó dì mú. Ẹni tó ń ṣe kábúkábú tàbí tó ń fi ọkọ̀ rẹ̀ ṣe Uber àti Bolt náà kò nílò ju àga mẹ́rin tó dáa lọ. Ìjókòó tó mọ́ àti ẹ̀rọ amúlétutù tó ń ṣiṣẹ́ ló ń mú kí èrò tún pè é. Onílé-ẹ̀kọ́ aládàáni tó ń kó ọmọ lọ kó wọn bọ̀ láti Matógun àti Lámbè ni ọkọ̀ ńlá tọ́ sí, nítorí pé àga rẹ̀ máa ń kún ní àárọ̀ àti ní ọ̀sán. Kó má ṣe torí pé ọmọdé ni wọ́n kó máa kó wọn jọ bí sádìnì.

Àwọn tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ ní ibùdó ńlá tó wà ní Òkè-Àró, àwọn tí àrùn ibà ẹlẹ́dẹ̀ kọ lù lọ́dún 2020, mọ̀ pé àpò oúnjẹ ẹran kan wọ̀n tó kìlógíráàmù 25. Àpò mẹ́wàá ti di 250. Àyè lè wà fún àpò mẹ́wàá nínú búùtù àti lórí àga ẹ̀yìn, kó má sì sí agbára láti gbé e tòun ti èèyàn mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ mọ́tò tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti bíi 2006 ní ìwé pélébé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ibi ilẹ̀kùn awakọ̀, tí wọ́n kọ iye kìlógíráàmù tí èrò àti ẹrù kò gbọ́dọ̀ kọjá sí. Kí ẹni tó ń rà á ka ìwé yẹn kó tó dúnàá-dúrà. Ẹrù tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ ló ń pa ṣọ́ọ̀kù àti táyà, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, náà sì ń mú ẹni tó bá kó àkójù.

KÍ WỌ́N TÓ KÓWÓ SÍLẸ̀

Tokunbọ̀ lè dán lóde kí fóòmù àga rẹ̀ ti kú. Kí ẹni tó fẹ́ rà á jókòó sórí gbogbo àga, ìlà kẹta pẹ̀lú, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó má kàn fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Bó bá ń gbọ́ irin lábẹ́ ìdí, kó yọ owó àtúnṣe kúrò nínú ohun tó fẹ́ san. Kó fa gbogbo bẹ́líìtì ìjókòó wò bóyá wọ́n ń padà wọlé. Kó mú téèpù dání, kó wọn ibi èjìká àti ibi eékún lẹ́yìn nígbà tí àga awakọ̀ bá wà níbi tí ẹni tí yóò máa wà á fẹ́ ẹ sí, nítorí pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta mọ́tò máa ń ti àga iwájú síwájú kí ẹ̀yìn lè dà bí èyí tó láyè.

Àwọn tó ń rán lẹ́dà tuntun sára àga máa ń sọ ọ́ di tuntun lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọ "Airbag" sí ẹ̀gbẹ́ àga iwájú, kò yẹ kí wọ́n rán aṣọ bo ibẹ̀ mọ́lẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni báàgì afẹ́fẹ́ náà máa ń gbà jáde lọ́jọ́ tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀.

Ohun kan tún wà tí kò yẹ kí oníṣòwò Òkè-Àró gbàgbé. Láti ọjọ́ 15, oṣù Kẹwàá, ọdún 2024, ni ọkọ̀ ojú irin Red Line ti ìpínlẹ̀ Èkó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láàárín Agbádo àti Oyíǹgbò, ó sì ń dúró ní Ìjú, Agége, Ìkẹjà, Oṣòdì, Mushin àti Yábàá. Ẹni tó jẹ́ pé òun nìkan ló ń lọ ra ọjà kékeré ní Èkó lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lè rí i, bó bá ṣí ìwé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin rẹ̀ wò, pé kò tíì tó àkókò láti ra mọ́tò rárá. Kó fi owó yẹn kún ọjà. Ṣe bó o ti mọ ni wọ́n ń pe ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n, òun náà ló sì mọ iye tó ń wọlé fún un lálẹ́.